Akòtò básíkù tòkunbọ̀ n'Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: èwo ló tó rà?

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta básíkù tòkunbọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù, ẹ ó rí akòtò tí wọ́n so kọ́ sára kẹ̀kẹ́. Ọjà gidi wà nínú wọn. Èyí tó ti kú náà wà níbẹ̀, ojú lásán kì í sì í tètè mọ̀ ọ́n.

Inú ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Fóòmù funfun líle, irú èyí tí wọ́n fi ń há tẹlifíṣọ̀n mọ́ inú páálí, ló ń ṣiṣẹ́. Ike òde kàn dì í mú ni. Tí orí bá nalẹ̀, fóòmù yẹn á rún, á gba agbára náà kó tó dé agbárí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sì lè ṣe é. Èyí tó ti ṣubú nílùú òyìnbó kò wúlò mọ́, bí wọ́n tiẹ̀ fọ̀ ọ́ tó ń dán. Ẹ yọ tìmùtìmù inú rẹ̀, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù káàkiri: tó bá ti là, tó tẹ̀ wọnú, tàbí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ wá sítíkà tó fi hàn pé ó yege ìdánwò ààbò: EN 1078 ni ti Yúróòpù, CPSC ni ti Amẹ́ríkà. Ti àgbà tí kò bá ní ọ̀kankan, ẹ má ná an rárá.

Kó tẹ́jú lórí, kí ìka méjì péré wà láàrin rẹ̀ àti irun òkè ojú. Kí okùn pàdé lábẹ́ etí; ti àgbọ̀n ò gbọdọ̀ gbà ju ìka méjì lọ. Ẹni tó bá tì í sẹ́yìn nítorí ooru, iwájú orí tó ṣí sílẹ̀ yẹn ló lè kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ṣùkú a máa gbé e sókè. Kọ́lẹ́sẹ̀ ló bá a mu.

Ìṣubú inú kòtò tàbí iyanrìn ni wọ́n ṣe é fún: nǹkan bíi mítà kan àtààbọ̀ ni wọ́n ti ń jù ú sílẹ̀ láti dán ti EN 1078 wò. Kò lè gba èèyàn lọ́wọ́ tírélà ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, kò sì bo ojú àti ọrùn. Síbẹ̀, orí tó wọ̀ ọ́ sàn ju orí òfìfo lọ dáadáa. Ẹ má fi ti ọlọ́kadà rọ́pò rẹ̀: ó wúwo, ihò atẹ́gùn rẹ̀ kì í sábà tó nǹkan, ó sì sábà máa ń bo etí tó yẹ kó gbọ́ họ́ọ̀nù. Ẹ má fi pẹtiróòlù nù ún, fóòmù á yọ́.

Ti ọmọdé ló gba ìṣọ́ra jù. Tó bá ti sọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ ṣí i kúrò lórí rẹ̀ kó tó lọ gun igi máńgòrò, torí okùn àgbọ̀n lè há sẹ́ka, kó sì fún un lọ́rùn. Fún àwọn kéékèèké, EN 1080 ni kí ẹ wá. Ìdè tiẹ̀ máa ń ṣí fúnra rẹ̀ tí nǹkan bá fà á gidi.