Mo lọ jó square dance lọ́dọ̀ àwọn tó ń gun òkè

Ẹ gbà mí o, èmi tí mo máa ń sọ pé ijó òyìnbó ò sí lára mi, èmi náà ni mo lọ san dọ́là 5 lálẹ́ Sátidé láti lọ jó square dance. Outing club, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń gun òkè káàkiri, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní New Hampshire ló ṣe é, rúùmeètì mi ló fà mí lọ, ó ní tí wọ́n bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ijó ló kàn. Ó ti pẹ́ tó ti wà lára wọn lágbègbè yìí. Ti Dartmouth, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní New Hampshire yìí, ọdún 1909 ni wọ́n ti dá outing club tiwọn sílẹ̀, wọ́n tiẹ̀ ní ijó kan tí wọ́n máa ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n bá kó wọn lọ gun òkè, Salty Dog Rag ni wọ́n ń pè é.

Ẹ̀yin 8 lẹ máa dúró, méjì méjì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin, kẹ́ ẹ kọjú síra yín, ẹ̀ẹ́ wá máa retí caller, ìyẹn ẹni tó ń pe ohun tẹ́ ẹ máa jó. Caller yìí ni owó mi bá lọ jàre! Màmá kan báyìí, ó di máìkì mú, kó tó ní kí wọ́n lùlù ó ti ní ká kọ́kọ́ rìn ín lásán lẹ́ẹ̀mejì, do-si-do rèé, ẹ yí ara yín po, ẹ̀yìn sí ẹ̀yìn, ẹ má fọwọ́ kanra, allemande left rèé, ọwọ́ òsì fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹni tẹ́ ẹ jọ wá o (ibẹ̀ ni mo ti ń ṣìnà ṣáá). Tó bá rí i pé àwa kan ti dàrú, á ní kí kálukú padà sílé, ìyẹn ibi tó ti gbéra, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó jọ onígángan tó ń fi ìlù darí oníjó, àmọ́ tiwa, tó ò bá gbédè ìlù o ti wọ gàù, tibí, wọ́n ń pè é sí ẹ létí ni.

Àwọn tó ń lù nìkan ló yá mi lára ju caller lọ, fáyólìn pẹ̀lú báńjò. Báńjò yẹn, àwọn ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà ló mú un dé Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń ta fáyólìn láyé ẹrú sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ń pe ijó báyìí. Torí náà mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ, ẹ má pè é ní ijó òyìnbó níwájú mi mọ́.

Ti wọn kì í ṣe ọkùnrin síhìn-ín obìnrin sọ́hùn-ún, ẹni tó wà lápá òsì ń jẹ́ lark, ti ọ̀tún ń jẹ́ robin, orúkọ ẹyẹ ni méjèèjì, èmi àti ọmọbìnrin kan la jọ jó. Tẹ́ ẹ bá ń swing, ìyẹn tẹ́ ẹ bá di ara yín mú tẹ́ ẹ ń yí po, ojú ẹnikejì yín ni kẹ́ ẹ máa wò, tẹ́ ẹ bá wo ilẹ̀, òòyì á kọ́ yín.

Ooru mú, wọn ò ṣí fèrèsé, máìkì ń pariwo, omi àti bisikíìtì nìkan ló wà, ẹ jẹun kúrò nílé o. Àwọn kan gbé bàtà tí wọ́n fi ń gun òkè, tó kún fún ẹrẹ̀, wọ inú ijó, ọ̀kan tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Èyí tó kù, ẹ bi ọmọkùnrin tó tẹ ìka ẹsẹ̀ mi.