Ike ẹnu àwọ̀nṣe, ike omi gbígbóná tàbí ẹ̀rọ CPAP: èwo ni kí ẹ rà fún èémí tó ń dá dúró lójú oorun?

Ìyàwó ní ọkọ òun ń hanrun. Ó ní bó bá hanrun títí, á dákẹ́ rọ́rọ́, àyà òun á já, kó tó wá fa èémí sínú lójijì bí ẹni tó rì sódò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọrí. Ìyẹn ti kọjá ìhanrun lásán. Ọ̀fun ló ń pàdé: bí iṣan ara ṣe ń dẹ̀ lójú oorun, ahọ́n á ṣubú sẹ́yìn, ẹran ọ̀fun á lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ ò ní rí ọ̀nà kọjá. Bó bá tó ìṣẹ́jú àáyá 10 kí èémí tó padà, dókítà á kà á sí ìdádúró kan. Ẹlòmíràn ń ní ogójì irú rẹ̀ láàárín wákàtí kan, kò sì mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé orí ń fọ́ òun láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru òun ò gbọ́ oògùn, oorun sì ń kun òun nídìí ọkọ̀ láàárín Adó Èkìtì sí Ìkọ̀lé.

Ohun mẹ́ta ni ẹni tó bá ń wá ìtọ́jú máa ń gbọ́ nípa rẹ̀: ike ẹnu àwọ̀nṣe, tí dókítà eyín wọ̀n fúnni láti fi ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, ike tí à ń rọ̀ nínú omi gbígbóná nílé, àti ẹ̀rọ CPAP tó ń gba inú ìbòjú fẹ́ afẹ́fẹ́ síni nímú. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí èyí yé yín: owó ike fúnra rẹ̀ kéré nínú ohun tí ẹ ń san. Wíwọ̀n ẹnu, sísún àgbọ̀n díẹ̀díẹ̀, àti àyẹ̀wò tó ń fi hàn pé ó ṣiṣẹ́, àwọn lẹ ń sanwó fún. Ẹni tó bá ta ike láìsí mẹ́ta yìí kò tíì ta ìtọ́jú.

Ẹ mọ iye yín ná

Àyẹ̀wò oorun ló ṣáájú. Èyí tí wọ́n ń ṣe nílé kò le: wọ́n á so bẹ́líìtì mọ́ yín láyà, wọ́n á fi rọ́bà tín-ín-rín sí ihò imú, wọ́n á fi nǹkan kékeré kan há ìka yín láti máa ka ìwọ̀n atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, ẹ ó sì sùn. Iye ìgbà tí èémí dá dúró tàbí tó fà sẹ́yìn ní wákàtí kan ni wọ́n ń pè ní AHI. Bí kò bá tó 5, kò séwu. 5 sí 14 kéré, 15 sí 29 ti ń wọra, 30 sókè ti le.

Àwọn tó wà láàárín 5 sí 29 ni ike ẹnu bá mu jù. Ẹni tó bá pé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, CPAP ni kó kọ́kọ́ dán wò. Bí ara rẹ̀ bá kọ̀ ọ́ pátápátá ni kó tó wá sídìí ike, torí ó sàn ju kó wà bẹ́ẹ̀ lọ. Irú kan sì wà tí ọ̀fun ṣí sílẹ̀ gbayawu, ṣùgbọ́n tí ọpọlọ ò rán àyà níṣẹ́ pé kó mí. Ike ò rí ìyẹn ṣe rárá. Ìdí nìyí tí a ò fi ń fọwọ́ sí i kí ẹnikẹ́ni torí ìhanrun nìkan ra ike.

Bóyá Ìjerò lẹ ti ń bọ̀ ni o, bóyá Òmùò ni, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn tó wà ní Adó àti èyí tó wà ní Ìdó ni kí ẹ kọ́kọ́ kọrí sí. Ẹ bèèrè dókítà etí, imú àti ọ̀fun. Bí wọn ò bá ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà lọ́wọ́, kí wọ́n kọ ìwé fún yín lọ síbi tó wà.

Ike omi gbígbóná

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló pọ̀ sí. Ẹ ó ki í bọ omi gbígbóná títí á fi rọ̀, ẹ ó ti àgbọ̀n ìsàlẹ̀ síwájú, ẹ ó fi eyín tẹ̀ ẹ́, ẹ ó sì jù ú sómi tútù kó le. Owó rẹ̀ ò pọ̀, kò sì gba ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n kì í di eyín mú dáadáa. Ó nípọn lẹ́nu, ó sì máa ń bọ́ sórí ìrọ̀rí kí ilẹ̀ tó mọ́. Ibi tí ẹ ti àgbọ̀n dé lọ́jọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ìméfò ni, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sì ṣeé sún síwájú tàbí sẹ́yìn mọ́. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí àwọ̀nṣe dà bí ìyàtọ̀ aṣọ tí télọ̀ wọ̀n lára ẹni sí èyí tí a ṣà nínú òkìtì bòsíkọ̀rọ̀. Lọ́dún 2015, ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun àti ẹgbẹ́ àwọn dókítà eyín tó ń tọ́jú oorun ní Amẹ́ríkà jọ gbé ìlànà jáde pé àwọ̀nṣe tó ṣeé sún ni kí wọ́n lò dípò èyí tí a rà bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ra èyí tí kò bá yín lẹ́nu mu, ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé àwọ̀nṣe náà ò ní ṣiṣẹ́.

Ike àwọ̀nṣe

Ìpele méjì ni, ọ̀kan lórí eyín òkè, ọ̀kan lórí eyín ìsàlẹ̀, tí skru, apá irin tàbí rọ́bà fífà so pọ̀ kí ti ìsàlẹ̀ lè yọ síwájú. Bí àgbọ̀n bá lọ síwájú, ahọ́n á bá a lọ, ẹ̀yìn ọ̀fun á sì là. Àwọn kan máa ń so ìpele méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan gan-an nítorí owó. A ò gbà yín níyànjú pé kí ẹ rà á: kò ṣeé sún, ẹ ò sì lè la ẹnu bí ikọ́ bá gbé yín lóru.

Eyín ló ń gbé e dúró, nítorí náà ọ̀pọ̀ dókítà eyín ń fẹ́ kí eyín tó lágbára tó 8 sí 10 lókè, kó tó bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé àtọwọ́dá ni gbogbo eyín rẹ̀ kò ní ohun tí ike máa dì mú. Irú tirẹ̀ lè bèèrè rọ́bà tó ń fa ahọ́n mú síwájú. Eyín tó bá ti jẹrà, ẹ dí i. Ìdí eyín tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ tọ́jú rẹ̀. Kí gbogbo rẹ̀ parí kí wọ́n tó wọ̀n yín, torí bí wọ́n bá dí eyín kan lẹ́yìn tí ike ti dé, ìrísí eyín náà ti yí padà, ike ò ní jókòó mọ́, owó ìkejì ló kàn.

Wíwọ̀n àgbọ̀n ni kí ẹ fojú sí. Dókítà á fi ọ̀pá ìwọ̀n kékeré kan sáàárín eyín iwájú, á ní kí ẹ fa àgbọ̀n sẹ́yìn dé òpin, kí ẹ wá tì í síwájú dé òpin. Ká ní mílímítà 10 ló wà láàárín méjèèjì: ibi 5 tàbí 6 ni ọ̀pọ̀ máa ti bẹ̀rẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá tó 5, àyè tí a lè lò kéré jù, ẹ jẹ́ kí dókítà sọ bẹ́ẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wọ̀n yín láìfi nǹkan kan sáàárín eyín yín, ẹ dìde.

Ohun tí wọ́n fi ń gba àwòrán eyín tún ṣe pàtàkì fún wa ní Èkìtì níbí ju fún ará Èkó lọ. Alginate ni ó wọ́pọ̀, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fi omi pò tó ń dì lẹ́nu bí ẹ̀kọ. Omi inú rẹ̀ ń gbẹ, ó sì ń sún kì, nítorí náà láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló yẹ kí wọ́n ti da POP tí wọ́n pò, tó máa le di àwòkọ eyín yín, sí i. Bí wọ́n bá wé e sínú ọ̀rá, tí wọ́n fún awakọ̀ ní gáréèjì Adó pé kó gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe ike ní Ìbàdàn tàbí Èkó, ike tó máa padà wá á fún lápá kan, á dẹ̀ lápá kejì. Ẹ ní kí wọ́n da POP níṣojú yín, tàbí kí wọ́n lo sílíkónì, tó lè wà fún ọjọ́ mélòó kan láìyí padà, tàbí kámẹ́rà tó ń ya eyín.

Lẹ́yìn tí ara bá ti mọ́ ọn ni sísún bẹ̀rẹ̀. Skru púpọ̀ ń lọ 0.25 mm ní yíyí kan, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń ní kí ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Mílímítà 2 jẹ́ yíyí 8, ìyẹn oṣù kan sí méjì. Iye tí ẹ bá yí tọ̀tún ni kí ẹ yí tòsì. Bí ọ̀kan bá yọ ju èkejì, àgbọ̀n á wọ́, oríkèé tó wà níwájú etí á sì máa dun yín. Ẹ máa kọ gbogbo yíyí sára kàlẹ́ńdà. Bí oríkèé bá ń ro yín, ẹ dá a padà ní yíyí kan, kí ẹ dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Itọ́ á máa dà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn máa ń lọ. Láàárọ̀, eyín ẹ̀yìn lè má pàdé. Wọ́n yẹ kó fún yín ní ike kékeré kan tí ẹ ó máa fi eyín tẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 kí àgbọ̀n lè padà sáyè rẹ̀. Bó bá di ọ̀sán tí ẹ ń jẹ iyán, tí ẹran ò ṣeé rún nítorí pé eyín ẹ̀yìn ò tíì kanra, ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà. Láàárín ọdún púpọ̀, eyín lè yí díẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀ láé ń tan yín.

Ewu tó tóbi jù kì í dun ni: ìhanrun lè lọ, kí ìdádúró èémí ṣẹ́ kù. Inú ìyàwó á dùn, ilé á dákẹ́, AHI á sì wà ní 18. Ẹ tún àyẹ̀wò oorun ṣe pẹ̀lú ike lẹ́nu. Bí ẹ bá sì ti ń lo CPAP tẹ́lẹ̀, ẹ má gbé e sílẹ̀ kí èsì yẹn tó jáde.

Ẹ̀rọ CPAP

Òun ló lágbára jù. Dókítà Colin Sullivan ló ṣe é ní Sydney, ní Ọsirélíà, tó sì gbé ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1981. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ gba ihò imú ló ń gbé ọ̀fun dúró, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gbé túùbù táyà. Ṣùgbọ́n ìgbà tó bá wà lójú nìkan ló ń ṣiṣẹ́, iná NEPA sì ni ìṣòro. Ẹ̀rọ tí ẹ ò tan apá rẹ̀ tó ń mú omi gbóná kí afẹ́fẹ́ má bàa gbẹ imú ń jẹ nǹkan bí wáàtì 30 sí 40. Ní wákàtí 8, ó ti jẹ wáàtì-wákàtí 240 sí 320. Bátìrì olómi tó jẹ́ fóltì 12, 100Ah, wáàtì-wákàtí 1200 ló wà nínú rẹ̀ lórí ìwé, kò sì yẹ kí ẹ fà á kọjá ìdajì. Ẹ wá yọ ohun tí ínfátà ń jẹ: alẹ́ kan dájú, ìkejì ò dájú. Bí ẹ bá tan apá tó ń mú omi gbóná, ó lè kọjá wáàtì 60, alẹ́ kan yẹn náà di iyèméjì. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa yẹ fílítà wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, torí eruku ń dí i kíákíá.

Bó bá jẹ́ tòkúnbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ wo orúkọ àti nọ́ńbà ara rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Philips pe ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ CPAP rẹ̀ tó ń jẹ́ DreamStation àkọ́kọ́ padà nítorí fóòmù inú wọn tó lè fọ́ wẹ́wẹ́ wọ inú afẹ́fẹ́ tí èèyàn ń fà símú. Ẹ má ra irú rẹ̀ nítorí pé ó pọ́ọ́kú.

Èwo wá ni?

Lóru kan ṣoṣo, CPAP ju ike lọ. Ṣùgbọ́n ike tí ẹ wọ̀ láti alẹ́ dòwúrọ̀ lè bá CPAP tí ẹ bọ́ kúrò lójú ní aago méjì òru dọ́gba. Àwọn ìwádìí tó fi méjèèjì wéra ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti oorun ojúmọmọ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín àwọn tó ń lò wọ́n. Ẹni tó wà láàárín 5 sí 29, tí eyín rẹ̀ dára, tí kò ní iná tó dúró, tó sì ń rìnrìn àjò, àwọ̀nṣe la máa ní kó rà. Ẹni tó pé 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí ọkàn ń yọ lẹ́nu, kó ra CPAP, kó fi bátìrì tì í lẹ́yìn. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹmu àti ògógóró alẹ́ ń mú iṣan ọ̀fun dẹ̀ sí i.

Kí ẹ tó san owó àwọ̀nṣe, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì bóyá owó sísún àti ìbẹ̀wò wà nínú rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó, àti ta ni yóò tún un ṣe bí skru bá yẹ̀. Èyí tó dára ń lo ọdún 3 sí 5. Omi tútù, ọṣẹ fífúyẹ́ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Omi gbígbóná á wọ́ ọ, ọṣẹ eyín á ha á. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ má kúrò lórí àga kí ẹ tó fi sẹ́nu fún ìṣẹ́jú 15: ẹ tẹrí ba, ẹ fi ahọ́n tì í, ẹ la ẹnu. Bó bá bọ́, tàbí tó ń tẹ eyín kan ṣoṣo, kí wọ́n tún un ṣe níbẹ̀, níṣojú yín.