Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú git bisect: ohun tó ṣe fún wa, àti ohun tó tú síta nípa bí mo ṣe ń darí ikọ̀

Ọdún mẹ́ta rèé tí git bisect ti wà lọ́wọ́ mi àti lọ́wọ́ àwọn mẹ́sàn-án tí mo jẹ́ olórí fún. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: bí ohun kan bá bàjẹ́ nínú sọ́fítíwíà, á bá yín wá commit (àyípadà kan tí a kó pa mọ́ sínú ìtàn kóòdù) tó bà á jẹ́. Inú Git fúnra rẹ̀, ètò tó ń tọ́jú ìtàn gbogbo àyípadà kóòdù, ló wà, ẹni tó bá ti ní Git lórí kọ̀ǹpútà ti ní i. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi Git ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ ò fọwọ́ kàn án rí. Ọdún mẹ́fà ni èmi náà fi lo Git kí n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì kan ni mo mọ̀ ọ́n. Ìròyìn òpin oṣù tí ètò wa máa ń kó jọ fún àwọn oníbàárà ti ń fo ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù. Oṣù tó bá ní ọjọ́ 31, ọjọ́ 30 ló ń kà dé. Ohun tó dá wa lójú ni pé ní oṣù mẹ́rin ṣáájú, ó pé pérépéré. Láàárín oṣù mẹ́rin yẹn, commit tí a ti kó wọlé lé ní 1,300. Ẹnì kan jókòó ti kóòdù, ó ń kà á láti òkè wálẹ̀. Ẹnì kejì ń tú àwọn ẹ̀yà tí a ti gbé jáde wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kẹta ní dandan ni kó jẹ́ ibi tí a ti ń ṣírò aago ìlú kọ̀ọ̀kan, ó sì fi wákàtí mẹ́ta wá a níbi tí kò sí. Ilẹ̀ ṣú, a ò tíì rí i. Ìgbà náà ni ẹnì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa béèrè jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a ti fi bisect wá a?”

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ ó tẹ git bisect start, ẹ ó dárúkọ commit tí ẹ mọ̀ pé ó bàjẹ́, ẹ ó dárúkọ èyí tí ẹ mọ̀ pé ó dára. Á gbé èyí tó wà láàárín méjèèjì síwájú yín. Ẹ dán an wò. Bó bá dára, ẹ tẹ git bisect good. Bó bá bàjẹ́, ẹ tẹ git bisect bad. Á yọwọ́ ìdajì tí ọ̀ràn kò sí nínú rẹ̀, á tún pín ìyókù sí méjì. Nítorí pé ìdajì ló ń kúrò lẹ́ẹ̀kan, commit 1,000 ò gbà ju nǹkan bí ìdánwò mẹ́wàá lọ, mílíọ̀nù kan ò sì gbà ju nǹkan bí ogún lọ. Kò pọn dandan kí ẹ mọ ohun tí kóòdù ń sọ. Kí ẹ ṣáà ti lè dáhùn: ó dára ni, àbí ó bàjẹ́?

Ibi tí wọ́n ti bí i ló jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2005 ni Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ Git, nígbà tí àwọn tó ń kọ kernel (ọkàn ètò) Linux ò lè lo BitKeeper, ètò mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ Git, lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́, bisect sì wọlé lọ́dún yẹn kan náà. Kò sí bí àwọn tó ń kọ kernel ṣe lè ní gbogbo irú kọ̀ǹpútà tó wà láyé lọ́wọ́. Ẹni tí ẹ̀rọ tirẹ̀ kọ̀ láti ṣiṣẹ́ ló lè dán an wò, wọ́n sì máa ń ní kó fi bisect bá àwọn wá commit náà, bí kò tilẹ̀ mọ èdè C tí wọ́n fi ń kọ kernel kọ.

Ìdánwò mọ́kànlá ni tiwa gbà, nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Gbogbo wa dúró yí kọ̀ǹpútà kan ká. Terminal, ojú tí a ti ń tẹ àṣẹ, kọ ọ́ síta: èyí ni commit tó kọ́kọ́ bàjẹ́. Nọ́ńbà rẹ̀ nìyí, ọjọ́ rẹ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó kọ ọ́ fi ṣàpèjúwe rẹ̀ nìyí: “àtúnṣe díẹ̀”. Fáìlì 63. Ìlà 4,180. Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sì wà níbẹ̀ gàdàgbà, orúkọ ọmọbìnrin tó kéré jù nínú ikọ̀, tó dúró lẹ́yìn mi.

Kò sí ẹni tó bú u. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ rárá, ìyẹn ló sì burú jù. Mo yí padà, mo rí i tó ń wo ilẹ̀. Odidi ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà ni kò fi lanu nínú ìpàdé wa.

Títí di ààbọ̀ òru la fi wà nínú ìlà 4,180 yẹn. Bisect ti ṣe tirẹ̀, ó ti mú wa dé ẹnu ọ̀nà, àmọ́ ilé tí a bá níbẹ̀ tóbi jù. Ní ìkẹyìn a rí i: níbi tí kóòdù ti ń ka ọjọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àmì “<=” (ó kéré sí tàbí ó dọ́gba) ti di “<” (ó kéré sí) lásán. Àmì kan ṣoṣo, láàárín fáìlì tí ó ti yí orúkọ padà, tí ó ti ṣípò, tí wọ́n sì ti tún gbogbo ìlà inú rẹ̀ tò.

Èmi ni mo fọwọ́ sí commit yẹn. Orúkọ tèmi kò jáde lójú terminal, ṣùgbọ́n èmi ni mo wo ìlà 4,180 tí mo ní ó dáa, kó wọlé. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Orí ọmọ náà wọ́ níṣojú mi. Ní ọjọ́ Ajé, mo sọ ọ́ ní gbangba fún ikọ̀ pé ẹni tó fọwọ́ sí commit ló ni ín pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, bí bisect bá ti mú commit jáde, nọ́ńbà rẹ̀ la ó máa pè, a ò ní pe orúkọ ẹnikẹ́ni. A ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀ dòní. Bí ẹ bá jẹ́ olórí ikọ̀, ẹ tètè ṣe èyí kí ẹ tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní àṣẹ náà, nítorí tí ẹ̀rù bá ti ba àwọn ènìyàn pé orúkọ àwọn á jáde, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá nǹkan náà dé ìdí.

Ìgbà náà ni mo wá mú ọ̀rọ̀ ìwọ̀n commit wá. Ọ̀ràn kan, commit kan. Bí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ fáìlì padà, kí ìyẹn dá dúró. Bí ẹ bá fẹ́ yí ohun tó ń ṣe padà, kí ìyẹn náà dá dúró. Gbogbo commit gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí bisect lè já sórí èyíkéyìí. Kí ọ̀rọ̀ àpèjúwe sì sọ ìdí tí a fi ṣe é.

Bọ̀dá kan wà nínú ikọ̀ tó jù mí lọ lọ́jọ́ orí àti lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, “Àbúrò, ṣé lẹ́tà lo fẹ́ kí n máa kọ sórí ìlà mẹ́wàá?” Mo ní, “Ẹ má bínú, Bọ̀dá. Ẹ bá mi ṣe é fún oṣù mẹ́ta, tí kò bá wúlò, ẹ dá a padà fún mi.” Ó gbà, ó ṣe é.

Oṣù kẹjọ lẹ́yìn rẹ̀, ojú ìwé kan tó máa ń ṣí kíá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra. Lọ́tẹ̀ yìí, git bisect run la lò. Ẹ ó kọ script (ètò kúkúrú) kékeré kan tó ń dán nǹkan náà wò: bó bá dá 0 padà, commit náà dára, bó bá dá 1 padà, ó bàjẹ́, 125 ni fún èyí tí kò ṣeé dán wò, kí ó fò ó. A fi í sílẹ̀, a wọ ìpàdé. Nígbà tí a jáde, ó ti parí: commit onílà 14. Ọ̀rọ̀ àpèjúwe rẹ̀ sọ pé òun kó àwọn àkọsílẹ̀ wá lọ́kọ̀ọ̀kan nítorí pé iye wọn kò lè pọ̀ ju márùn-ún lọ. Wọ́n ti di ẹgbẹ̀rún méjì. Bọ̀dá ló kọ ọ́. Ó ka ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó fa àga, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi tún un ṣe. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́tà mọ́.

Àwọn ibi tó ti lè dà yín láàmú wà o. Bí ìdánwò yín bá ń yẹ̀, tó ń kọjá lónìí tó ń kùnà lọ́la láìsí ìdí, ìdáhùn èké kan ṣoṣo ti tó láti gbé yín dé ọ̀dọ̀ commit tí kò ṣe nǹkan kan. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó gbà wá ni git bisect log, tó ń tọ́jú gbogbo ìdáhùn tí ẹ ti fún un. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú fáìlì, ẹ yọ ìdáhùn tó ṣìnà kúrò, ẹ fi git bisect replay tún un sáré. Dátábéèsì náà tún ni: kóòdù oṣù mẹ́fà sẹ́yìn kì í mọ tábìlì tòní, nítorí náà a ní láti máa kọ́ dátábéèsì tuntun fún ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Bí kíkọ́ ètò yín bá ń pẹ́, ẹ ó dúró gan-an. Tiwa ti di ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án báyìí, ó sì ń dùn mí.

Ọ̀rọ̀ good àti bad máa ń da orí rú nígbà tí ẹ bá ń wá ibi tí nǹkan ti dára sí i. Láti Git 2.7, ọdún 2016, ẹ lè fi old àti new rọ́pò wọn. Bí branch yín (ẹ̀ka iṣẹ́ tó ń lọ lọ́tọ̀) bá pọ̀, --first-parent tó wọlé ní Git 2.29, ọdún 2020, á jẹ́ kó dúró sórí ẹ̀ka gbòǹgbò nìkan, láìwọ inú àwọn commit ẹ̀ka tí a kó wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá sì parí, ẹ má gbàgbé git bisect reset. Mo ti rí ẹni tó kọ kóòdù odidi ọ̀sán kan sórí commit àtijọ́.

Ọmọbìnrin ọjọ́ Ẹtì yẹn ló ń kọ́ àwọn tuntun ní bisect báyìí, òun ló béèrè fún un. Commit onílà 4,180 yẹn ló fi ń ṣe àpẹẹrẹ, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń sọ fún wọn pé òun ló kọ ọ́, àti pé èmi ni mo fọwọ́ sí i.