Bíríkìlà Àkúrẹ́ dé kàtídírà Cologne, orúnkún mi ló ń jẹ́rìí

Bíríkìlà ni mí l'Àkúrẹ́, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń to búlọ́ọ̀kù, torí náà ẹ má retí kí n sọ̀rọ̀ bí ẹni tó kàn lọ ya fọ́tò. Àbúrò mi obìnrin tó wà ní Jámánì ló bímọ, mo lọ bá wọn sọmọ lórúkọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì àna mi ní òun á mú mi lọ sí Cologne. A sọ̀ nínú rélùwéè, a jáde ní téṣàn, gbàgà! ṣọ́ọ̀ṣì ti dúró níwájú wa. Mo wòkè títí fìlà mi fi já bọ́. Mítà 157 ni ilé gogoro méjèèjì yẹn ga tó, ẹ máa rò ó bí ilé alájà àádọ́ta.

Ọdún 1248 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀, 1880 ni wọ́n tó parí ẹ̀. Ọdún 632! Kì í kúkú ṣe pé wọ́n ń kọ́ ọ lójoojúmọ́, nígbà tó máa fi tó 1560 wọ́n ti gbé irinṣẹ́ sílẹ̀, ó wá di ilé àkọ́patì, àní kíréènì onígi tí wọ́n fi ń fa òkúta sókè wà lórí ilé gogoro kan níbẹ̀ fún bí irinwó ọdún kí wọ́n tó sọ̀ ọ́. 1842 ni wọ́n tó padà sídìí iṣẹ́. Èmi rèé o, onílé kan ní Ìjọ̀kà ń pè mí láràárọ̀ pé oṣù mẹ́fà ti pé, òrùlé dà, bẹ́ẹ̀ owó páànù gan-an kò tíì san.

Ṣùgbọ́n ògiri ẹ̀ lẹ bá mi wò. Níbi tiwa, ògiri tó bá máa ga, o máa jẹ́ kó nípọn ni tàbí kó o ju rọ́ọ̀dù sínú òpó ẹ̀. Àwọn yẹn ò lo rọ́ọ̀dù, inú ṣọ́ọ̀ṣì ga ní mítà 43, síbẹ̀ gíláàsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ògiri. Áàṣì wọn ṣonṣo lórí, kò rí róbótó, ṣonṣo yẹn ló ń jẹ́ kí ẹrù òkè gba inú òpó sọ̀ kalẹ̀, kò ní ráyè ti ògiri síta púpọ̀. Èyí tó bá ṣì fẹ́ tì í, wọ́n ti kọ́ apá òkúta síta tó na ọwọ́ gbọọrọ láti òkèèrè wá gbé ògiri dúró, bá a ṣe ń fi igi ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so kó má baà wó. Mo yí ìta ẹ̀ po lẹ́ẹ̀mejì nítorí ọwọ́ yẹn, àna mi ti ń wo aago. Bọ́ǹbù bà á lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá nígbà ogun àgbáyé kejì, kò wó. Ara ẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò ṣá.

Nínú, àpótí wúrà àwọn amòye mẹ́ta wà lẹ́yìn pẹpẹ, torí egungun wọn tí wọ́n gbé débẹ̀ ní 1164 ni wọ́n ṣe kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Wíńdò kan wà tí Gerhard Richter, ayàwòrán ará Jámánì, ṣe, 2007 ni wọ́n fi sí i, gíláàsì kéékèèké tó lé ní 11,000, lójú tèmi ó dà bíi àṣẹ́kù táìlì, àwọn ti àtijọ́ dùn ún wò jù ú lọ.

Wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa láti wọlé, gígun òkè la sanwó fún. Àtẹ̀gùn 533, kò sí líìfìtì. Mo yangàn fún àna mi pé ẹni tó ti gun Òkè Ìdànrè ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, pé àtẹ̀gùn tibẹ̀ lé ní 600. Ha! Ti Ìdànrè wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ wà, èèyàn lè jókòó. Èyí ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín, ẹni tó ń gòkè àti ẹni tó ń sọ̀ jọ ń fara ra níbẹ̀ ni, àwọn aláìnítìjú sì ti kọ orúkọ sára ògiri. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká padà ni?” Mo ní rárá, mo wá fi wíwo agogo sinmi. Pétérù Òrobó ni wọ́n ń pè é ní èdè wọn, tọ́ọ̀nù 24, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì 480 lórí àjà! Ẹ wọ bàtà tó rọ̀ o, ẹ má ṣe bíi tèmi tó wọ kófà.

Mo fi fídíò ránṣẹ́ sí Màámi l'Óǹdó, Kátólíìkì paraku ni wọ́n. Wọ́n wò ó tán, wọ́n pè mí: “Gbogbo òkúta tó o kà yìí, ṣé o tan àbẹ́là kan ṣoṣo fún wa níbẹ̀?” Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, mi ò gbọ́ wọn mọ́.