Wagon oníná fún ìdílé: Peugeot E-308 SW, Astra tàbí ID.7 Tourer?

Ẹni tó bá ń kó ọmọ méjì, ìyàwó àti ìyá ìyàwó lọ sóde lópin ọ̀sẹ̀ ní Ìlú Ọba yìí ti mọ ìdí tí wagon fi dára, n kò ní fi ìyẹn fa ọ̀rọ̀ gùn. Mẹ́ta ni mo fẹ́ fi wéra: Peugeot E-308 SW, Vauxhall Astra Sports Tourer Electric, àti Volkswagen ID.7 Tourer. Ọmọ ìyá kan náà ni méjì àkọ́kọ́. Bátìrì 54 kWh kan náà (kWh ni wọ́n fi ń wọn iye iná tí bátìrì gbà) ló wà nínú àwọn tó jáde ní 2023, ẹ̀rọ kan náà ló ń gbé wọn rìn, ẹ̀wù ni wọ́n fi yàtọ̀. Níbi tí mo bá ti pe Peugeot, ẹ bá mi ka Astra mọ́ ọn.

ID.7 ni èmi ń wà, àlòkù ni mo rà á. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí rẹ̀, ọkọ̀ oníná mìíràn ti kọ́kọ́ fi ojú mi rí màbo. Kò sí nínú mẹ́ta yìí, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀.

Òtútù àti òpópónà márosẹ̀

Oṣù January ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣègbéyàwó ní Manchester, àwa sì ń ti Thamesmead ní London lọ. Kúlà ìrẹsì ńlá méjì ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú aṣọ ẹbí èèyàn méjìdínlógún tí ìyàwó mi bá wọn gbà lọ́wọ́ télọ̀. Ìwé ọkọ̀ náà ní yóò rin ju 200 máìlì lọ. A kò tíì rin 100 tí dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń pọ́n fòò. A yà síbi tí wọ́n ti ń fi iná sí mọ́tò lójú ọ̀nà: ẹ̀rọ mẹ́rin, méjì ti kú, mọ́tò márùn-ún sì ti tò síwájú wa. Mo pa hítà kí ìwọ̀nba iná tó kù má baà tán. Ọmọ mi kékeré fa ìborùn ìyá rẹ̀ bo orí, ó ń gbọ̀n. Nígbà tó wá kàn wá, bátìrì ti tutù, iná sì ń kán wọlé bí omi ẹnu ẹ̀rọ tó dí. Wákàtí mẹ́ta ló bá ibẹ̀ lọ. Ìgbà tí a fi máa dé, ìyàwó ti jó wọlé, wọ́n ti gé kéèkì, ìrẹsì tí gbogbo gbọ̀ngàn ń retí wá di ohun tí wọ́n ń dì fún èèyàn lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi wí, ṣùgbọ́n n kò lè gbàgbé bó ṣe wo kúlà méjèèjì yẹn.

Nítorí náà, ibi tí mo ti kọ́kọ́ ń yẹ ọkọ̀ wò nìyí. Máìlì tó wà nínú ìwé, inú ìdánwò ni wọ́n ti rí i. Nínú òtútù, lórí márosẹ̀, pẹ̀lú eré máìlì 70 ní wákàtí kan àti ẹrù lẹ́yìn, èmi máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò kí n tó gba ìyókù gbọ́. Ìwé Peugeot sọ nǹkan bíi 250 máìlì. Ó ku bíi 165. Ti ID.7 Pro tó ní bátìrì 77 kWh jẹ́ nǹkan bíi 370. Ó ku bíi 245. Ọ̀nà Manchester láti ọ̀dọ̀ wa lé díẹ̀ ní 200. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró lọ́nà, èkejì á gbà á dé.

Ẹni tó ń tà á yóò sọ fún yín pé, "Ìdajì wákàtí péré ni méjèèjì fi ń gba iná." Òótọ́ ni. Ẹ wá bi í pé iná mélòó ló wọlé láàárín ìdajì wákàtí yẹn. Peugeot kì í gbà ju 100 kW lọ (kW ni wọ́n fi ń wọn bí iná ṣe ń yára wọlé tó); bó bá ti ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún dé 80, bíi 30 kWh ló wọlé. ID.7 Pro lè gba 175 kW. Bó bá ti 10 dé 80, bíi 54 kWh ni. Gbogbo ohun tí bátìrì Peugeot lè lò lápapọ̀ kò ju bíi 51 lọ. Iná tí ọ̀kan gbà sára láàárín ìgbà tí ẹ fi mu tíì pọ̀ ju àgbákún èkejì lọ! Èmi ò tíì rí ẹni tó ń tajà tó ṣàlàyé èyí fún oníbàárà, ó sì dùn mí, torí ibẹ̀ gan-an ni owó èèyàn ń bá lọ. ID.7 tún lè mú bátìrì gbóná kó tó dé ibi iná. Èyíkéyìí tí ẹ bá rà, ẹ máa yọ ọ́ ní 80, torí ó ń falẹ̀ gan-an láti ibẹ̀ lọ.

Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní heat pump ni kì í jẹ́ kí hítà jẹ iná púpọ̀. Lórí ID.7, àfikún owó ni. Bó bá jẹ́ àlòkù, ẹ béèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Iná ilé

Bí ẹ kò bá ní ààyè níwájú ilé tí ẹ lè fi iná sí ọkọ̀, ẹ tún un rò kí ẹ tó ra èyíkéyìí. Iná òru tí wọ́n ń tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ oníná lè wà ní bíi pẹnsì 7 sí 9 lórí kWh kan. Ti ẹ̀rọ tó yára lójú ọ̀nà sábà máa ń kọjá 70. VAT pàápàá, ìdá 5 nílé, 20 níta. Bó bá jẹ́ ti ojú ọ̀nà nìkan ni ẹ ní, ó lè wọ́n ju bẹntiróòlù lọ.

Ìyókù

Búùtù: ID.7 ní lítà 605, Peugeot 548, Astra 516. Kúlà wa méjì wọ tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ààyè báàgì ṣì kù.

Gígùn: Peugeot ló borí níbí. ID.7 jẹ́ mítà 4.96, ààyè ìgbọ́kọ̀sí níwájú ọjà sì sábà jẹ́ 4.8. Peugeot jẹ́ 4.64. Ẹni tó ń wá ààyè lálẹ́ ní Peckham, kó ro èyí dáadáa.

Ìjókòó awakọ̀: sítíárìn Peugeot kéré (ti Astra kò sí nínú èyí), ẹ jókòó sí i kí ẹ rí i bóyá kò bo ibi tí ẹ ti ń wo eré. Ti ID.7, ojú skríìnì ni ẹ ó ti darí afẹ́fẹ́ pàápàá. N kò fẹ́ràn rẹ̀.

Owó: ID.7 tuntun ju £50,000 lọ. Peugeot dínwó sí i dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ọkọ̀ oníná olówó ńlá tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ láti 1 April 2025 ń san àfikún owó ojú pópó tó ju £400 lọ́dún, fún ọdún márùn-ún. Èyí tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà kò sí nínú rẹ̀. ID.7 Tourer ti wà lójú títì láti 2024, nítorí náà ẹ wá àlòkù tó bọ́ sáàárín.

Ẹ má sì rà á pẹ̀lú ìrètí pé ẹ ó fi ránṣẹ́ sílé tó bá yá. Nàìjíríà kò gba ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún.

Èwo wá ni?

Orúkọ Peugeot ṣì dùn létí mi. Bàbá mi ní 504 wagon, irú èyí tí wọ́n ń tò ní Kàdúná, ẹ̀yìn rẹ̀ la sì máa ń jókòó sí lọ sí Ìlọrin nígbà ọdún. Nítorí ìyẹn nìkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ wo E-308. Ọkọ̀ tó dára ni. Bí ìrìn yín kò bá ju ilé ìwé, ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọjà lọ, tí iná sì wà nílé, ó tó yín, owó tí ẹ bá fi rà á kò ṣòfò. Bí ẹbí yín bá fọ́n ká sí Leeds, Birmingham àti Manchester, tí òde wọn kò sì mọ ìgbà òtútù, ẹ ka ìṣirò òkè yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

January tó kọjá, tọkọtaya yẹn sọmọ lórúkọ. A tún kó kúlà méjì, a gba ọ̀nà kan náà, a kò dúró àfi ìgbà tí àwọn ọmọ fẹ́ tọ̀. Ìdá 17 ló kù nínú bátìrì nígbà tí a dé. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ ló ṣí kúlà àkọ́kọ́, ooru ìrẹsì sì fẹ́ sí i lójú.