Áàpù tí mo fi ṣètò líìgì àdúgbò wa n'Íjẹ̀bú-Òde, sáà kan gbáko

Ẹni tó bá ti ṣe sẹ́kítírì líìgì bọ́ọ̀lù àdúgbò rí á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Tíìmù mẹ́wàá la ní, Mólípa, Ìmọ̀wò, Pòrógun àtàwọn tó kù, Sọ́ńdè la máa ń gbá a. Tí gbogbo wọn bá pàdé lẹ́ẹ̀mejì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 90 nìyẹn, ọ̀sẹ̀ 18. Inú ìwé ẹ́sásáìsì ni mo ń kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, òjò wá pa ìwé yẹn lọ́jọ́ kan, oníkálukú bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye góòlù tó wù ú, díẹ̀ ló kù kí wọ́n jà.

Ọmọ àbúrò mi ló gbé áàpù yìí sórí fóònù mi lọ́dún 2025. Mo tẹ orúkọ àwọn tíìmù sí i, kí n tó ṣẹ́jú ó ti to fixture jáde, ìyẹn tíìmù tó máa bá tíìmù gbá àti ọjọ́ tí wọ́n máa gbá a, èmi tí mo máa ń fi ọjọ́ mẹ́ta tò ó tí àṣìṣe á tún wà ńbẹ̀. Àmọ́ kò mọ Ìjẹ̀bú o. Sọ́ńdè, June 8, ó to ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún síbẹ̀, ọjọ́ Ojúde Ọba gan-an! Ta ló fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ ti ránṣọ? Ibì kan wà tẹ́ẹ ti lè ti ọjọ́ pa, ẹ ṣe ìyẹn kẹ́ẹ tó ní kó to fixture.

Ibi tó ti dùn mí jù ni sísún ọjọ́. Nígbà tí Kábíyèsí Awùjalẹ̀ Adétọ̀nà wàjà ní July 13, a dáwọ́ bọ́ọ̀lù dúró fọ́sẹ̀ méjì, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20 ló kù, mo sì ní láti sún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí bọ́tìnnì kankan tó lè sún gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nẹ́tíwọ̀kì ń já, mo tún un ṣe títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó yẹ kí wọ́n wá nǹkan ṣe sí i.

Yẹ́lò káàdì ní tiẹ̀, mo fẹ́ràn bó ṣe ń kà á fúnra ẹ̀. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti gba mẹ́ta, orúkọ ẹ̀ á pupa, kóòṣì ò lè yọ́ ọ wọlé mọ́.

Ẹ sì ṣọ́ tébù dáadáa. Òfin tiwa ni pé tí pọ́ìntì bá dọ́gba, ẹni tó na ẹnìkejì nígbà tí wọ́n pàdé ló wà lókè, áàpù yìí sì ń wo góòlù tí wọ́n gbá wọlé yọ èyí tí wọ́n gbá sáwọ̀n wọn. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, tíìmù méjì dọ́gba, ó gbé èyí tí wọ́n nà lẹ́ẹ̀mejì sókè, WhatsApp wa gbiná. Mo wá ibi tí wọ́n ti ń yí i padà, mo rí i, mo yí i, tébù tún ara ẹ̀ tò, mo sì ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Àwọn tó ń bínú dákẹ́, torí pé gbogbo èsì ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wà ńbẹ̀ látọjọ́ kìíní, kóòṣì méjèèjì ló sì fọwọ́ sí i.