Bengal àbí British Shorthair: èwo ló máa bá ilé yín mu?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ológbò rà ní UK níbí, mo mọ̀ pé àwọn méjì yìí ló máa ń gbà yín lọ́kàn jù, Bengal tí ara ẹ̀ rí tótòtó bíi ti àmọ̀tẹ́kùn, àti British Shorthair tó sanra, tí ojú ẹ̀ rí roboto. Àwọn méjèèjì rẹwà lóòótọ́. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó wo ẹwà rárá, ẹ bi ara yín pé wákàtí mélòó lẹ ń lò nílé lójúmọ́, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Bengal ò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ wo orírun ẹ̀ ná: ológbò igbó kan wà ní Éṣíà tí wọ́n ń pè ní leopard cat, òun ni obìnrin Amẹ́ríkà kan, Jean Mill, fi bá ológbò ilé da pọ̀ ní 1963, ó dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ó tún padà sí i nígbà tó yá, nígbà tó di 1991 TICA, ìyẹn ẹgbẹ́ kan tó ń forúkọ irú ológbò sílẹ̀, ti jẹ́ kó máa kópa nínú ìdíje bíi ti àwọn ológbò yòókù. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa báyìí ti jìnnà sí igbó, ìran kẹrin sókè ni, SBT ni wọ́n ń pè é. Tẹ́nì kan bá fẹ́ ta F1 fún yín, ìyẹn ọmọ tí ológbò igbó gangan bí, láísẹ́ǹsì ẹranko eléwu lẹ máa kọ́kọ́ gbà níbí, ẹ fi sílẹ̀ jàre.

British ní tiẹ̀, ọmọ onílé ni, ó wà lára àwọn tí wọ́n pàtẹ ní Crystal Palace ní London ní 1871. Kò sí igbó lára ẹ̀ rárá.

Tẹ́ ẹ bá wá ń gbé pẹ̀lú wọn ńkọ́? Bengal á gun orí fíríìjì, á gun orí kọ́bọ́ọ̀dù, á fọwọ́ ṣílẹ̀kùn tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sílẹ̀, ó fẹ́ràn omi débi pé á bá yín dé bafúrùmù á máa fọwọ́ gbá omi táàpù, tẹ́ ẹ bá sì ní ẹja nínú gíláàsì tàbí hámísítà, ẹ má rà á. Ohùn ẹ̀ tún wà níbẹ̀ o. Kì í ṣe míáwù kékeré, ó ń pariwo ni, lóru nígbà míì, Mọ́mì tó bá wá láti Ìbàdàn wá bá yín tọ́jú ọmọ á dìde gbàdúrà ni (mi ò sì ní bá wọn wí). Tí kò bá réèyàn bá ṣeré láàárọ̀ àti lálẹ́, kọ́tìnnì àti sófà yín ló máa fi ṣeré. British lè sùn látàárọ̀ dalẹ́, ẹ máa bá a níbi tẹ́ ẹ fi í sí. Á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, àmọ́ kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbé òun dání, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ. Wàhálà tiẹ̀ ni pé ó tètè ń sanra jù, irun ẹ̀ sì ń já sórí aṣọ dúdú ju ti Bengal lọ.

Ní ti ìlera, àwọn méjèèjì lè ní HCM, ìyẹn kí iṣan ọkàn máa nípọn, ẹ ní kẹ́ni tó ń tà á fi èsì síkáànì ọkàn bàbá àti ìyá ẹ̀ hàn yín. Bengal tún ń fẹ́ tẹ́ẹ̀sì DNA fún PRA-b tó ń fọ́jú àti PK-Def tó ń dín ẹ̀jẹ̀ kù, British ń fẹ́ ti PKD tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá ń bínú torí ẹ bèèrè, ẹ kúrò ńbẹ̀.

Ní England, láti April 2020, ọmọ ológbò tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọwọ́ ẹni tó sìn ín gan-an lẹ ti gbọ́dọ̀ rà á, kẹ́ ẹ sì rí ìyá ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbà á ní rescue, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹranko tí kò nílé. Láti June 2024, ó gbọ́dọ̀ ní chip, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ẹ̀ kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín, kó tó pé ọ̀sẹ̀ 20.

Tèmi ni pé, ẹni tó ń ṣe ṣíìfùtì wákàtí méjìlá, tó ń gbé fúláàtì, British ni kó rà. Bengal, ilé tí ẹnì kan ti máa ń wà nílé ló dáa fún, tó bá ní gádínì tẹ́ ẹ lè fi nẹ́ẹ̀tì yí ká, ó tún dáa sí i, kẹ́ ẹ sì ra méjì tí owó bá gbé e. Tí ọkàn yín ò bá kúrò lára Bengal, ẹ kọ́kọ́ yà ní rescue, àgbà Bengal tí ẹni tó ni wọ́n ò lè tọ́jú mọ́ máa ń wà níbẹ̀, ẹ máa ti rí ìwà ẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e lọlé, owó tí wọ́n máa gbà sì kéré gan-an sí ti ọmọ tuntun.